Owó Oṣù Tí Òfin Kọ, àti Èyí Tí Ọjà Kà

Bí àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bá jókòó níbikíbi ní Nàìjíríà, tí ọ̀rọ̀ ọjà sì dé, gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: "Nígbà tí náírà ṣì jẹ́ náírà." Wọn á ka iye tí àpò ìrẹsì jẹ́, iye tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ láti Kàdúná dé Jos, iye tí wọ́n san fún ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Àwa tí a kéré sí wọn á mi orí, a ó sì mí kanlẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti rí i pé ààbọ̀ ìtàn ni. Ẹni tó sọ pé kọ́bọ̀ márùn-ún ni nǹkan kan nígbà náà kì í sábà sọ iye kọ́bọ̀ tó ń wọlé fún un lóṣù. Iye ọjà nìkan kò lè sọ bóyá ayé rọrùn tàbí ó le. Ìbéèrè tó yẹ kí á máa bi ara wa ni pé: iṣẹ́ oṣù kan, kí ni ó rà?

Ohun méjì wà ní Nàìjíríà tí a lè fi dáhùn ìbéèrè yìí láìṣe àròsọ. Èkíní ni òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe láti 1981. Èkejì ni epo bẹntiróòlù, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń kéde iye rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí gbogbo ìlú sì máa ń rántí ọjọ́ tí wọ́n fi kún un. Mo gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì pín owó oṣù sí lítà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan. Ní oṣù Kejì 1977 ni wọ́n gbé bébà ₦20 jáde, tí àwòrán Murtala Muhammed wà lára rẹ̀. Òun ni bébà owó tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Nígbà tí ìjọba Shehu Shagari fọwọ́ sí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ní 1981, ₦125 ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Bébà ₦20 mẹ́fà àti ₦5 kan ti tó láti san oṣù kan fún òṣìṣẹ́. Lónìí, bébà ₦20 kan kò lè ra omi inú ọ̀rá.

Ní 1982, lítà epo bẹntiróòlù kan di kọ́bọ̀ 20. ₦125 ra lítà 625. Ní 1991, òfin ti gbé owó oṣù dé ₦250, lítà kan sì jẹ́ kọ́bọ̀ 70. Owó oṣù ti di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n lítà 357 ni ó rà. Ní 2000, òfin tuntun kọ ₦5,500, epo sì jẹ́ ₦22. Lítà 250 ni. Ní 2011, ₦18,000 ni òfin kọ, epo jẹ́ ₦65. Lítà 277 ni ìyẹn, ó gbérí díẹ̀. Ní 2019, ₦30,000 ni, epo jẹ́ ₦145. Lítà 207. Ní 2024, ₦70,000 ni òfin kọ, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, epo ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó oṣù odidi kò tó lítà 70 mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé epo kọ́ ni ènìyàn ń jẹ. Òótọ́ ni. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ló mú kí iye rẹ̀ kéré fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n sì ṣe yọ ọ́ ní oṣù Karùn-ún 2023 ni iye náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òṣùwọ̀n tó péye kọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á fi dọ́là wò ó nígbà náà. Ní 1981, dọ́là kan kò tó náírà kan, nǹkan bí kọ́bọ̀ 60 ni, nítorí náà ₦125 ju dọ́là 200 lọ díẹ̀. Ní 2024, tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦1,600, ₦70,000 kò ju dọ́là 44 lọ. Òṣùwọ̀n yìí náà ní àbùkù tirẹ̀, nítorí ìjọba ló fi agbára gbé náírà sókè ní 1981. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ dọ́là kò rí i rà ní iye tí ìjọba dá. Ṣùgbọ́n dọ́là pàápàá ti rọ: ohun tí dọ́là 1 rà ní Amẹ́ríkà ní 1981 ń gba dọ́là mẹ́ta àti ààbọ̀, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kó dín díẹ̀, ní 2024. Ọ̀nà yòówù kí á gbà wọ̀n ọ́n, ibì kan náà la ó já sí. Láàárín 1981 àti 2024, nọ́ńbà tó wà nínú òfin di ìlọ́po 560. Iye lítà epo kan, láti 1982, di nǹkan bí ìlọ́po 5,000.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú èyí ju pé "nǹkan wọ́n" lọ. Ẹ tún padà wo àárín 1991 sí 2000. Òfin wí pé ₦250, kò sì yí padà títí di 2000. Ní oṣù Kẹwàá 1994, ìjọba Sani Abacha gbé lítà epo kan dé ₦11. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá san ₦250 fún ní ọjọ́ yẹn kò rú òfin rárá; ohun tí òfin wí gan-an ló san. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò tó lítà 23 mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀wọ́n gógó ọjà kọjá ìdá 70 nínú 100. Kò sí aṣòfin tó dìbò pé kí á gé owó òṣìṣẹ́. Kò sí ìwé kankan tí a fọwọ́ sí. Nọ́ńbà náà dúró síbi tó wà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣàn lọ.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣàn lọ kò ṣòroó yé. Bí ọjà bá ń gbówó lórí ní ìdá 20 nínú 100 lọ́dún, ohun tó jẹ́ ₦100 lónìí yóò di ₦120 lọ́dún tó ń bọ̀, yóò di ₦144 lọ́dún kejì, nítorí pé orí ₦120 ni a ti ń ṣírò ìdá 20 ti ọdún kejì. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, yóò ti kọjá ₦200. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ dúró lójú kan fún ọdún mẹ́rin ti pàdánù ìdajì, bí ẹni pé wọ́n dá a padà sí iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, tí ó sì ń ṣe odidi.

Ibi tó ń ṣàn lọ ni ìbéèrè tí a kì í sábà béèrè. Ọ̀wọ́n gógó ń gba lọ́wọ́ ẹni tó ní owó tàbí tí a jẹ lówó, ó ń fún ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹni tó kọ́lé, tó ní ilẹ̀, tó ní dọ́là níbi ìpamọ́, ó lè sá fún un. Òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àti ìyá tó ń dá èsúsú kò ní ibi tí wọn yóò sá sí. Ajigbèsè tó tóbi jù lọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ni ìjọba. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 ní kí gbèsè tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ báńkì náà má ju ìdá 5 nínú 100 owó tó wọlé fún un ní ọdún tó kọjá lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, tó ti di tírílíọ̀nù náírà 22.7, di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Owó tí a dá sílẹ̀ báyìí, tí oúnjẹ àti ọjà kò sì pọ̀ sí i láti bá a dọ́gba, àpò àwọn tó kù ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Owó orí ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ní oògùn kan tó fẹ́ràn láti lò sí àrùn yìí: kí á tẹ bébà tuntun. ₦50 dé ní 1991, ₦100 ní 1999, ₦200 ní 2000, ₦500 ní 2001, ₦1,000 ní 2005. Ẹni tó bá to bébà wọ̀nyí sílẹ̀ ti rí ìtàn ọ̀wọ́n gógó Nàìjíríà láìṣí ìwé. Bí a kò bá tẹ bébà ńlá, a ó gé òdo kúrò. Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ lábẹ́ Charles Soludo kéde pé òun yóò gé òdo méjì kúrò lára náírà. Ìjọba dá a dúró. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, Gánà gé mẹ́rin.

Ìtàn Gánà yẹ ní gbígbọ́ dáadáa, nítorí pé orúkọ owó wọn gan-an ni ẹ̀rí. Sídì wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Akan tí wọ́n ń pe owó ẹyọ. Owó ẹyọ sì ni owó tí apá ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ná fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti erékùṣù Maldives ni ó ti ń wá, ọkọ̀ ojú omi Yúróòpù ló ń kó o dé. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù rí òmíràn tó pọ̀, tó sì pọ́ọ́kú, ní Zanzibar ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n kó o wá ní ọkọ̀ ọkọ̀. Bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín, títí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan gidi fi ní láti gbé e ní àpò. Àpò kan tí ẹgbàá mẹ́wàá ẹyọ wà nínú rẹ̀ ni a ń pè ní ọ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wa títí dòní: bí nǹkan bá pọ̀ kọjá kíkà, a ní ọ̀kẹ́ àìmọye ni.

Sídì Gánà bẹ̀rẹ̀ ní 1965, lábẹ́ Kwame Nkrumah. Nígbà tó fi máa di 2007, ó ti rọ débi pé wọ́n ní kí sídì 10,000 di ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún náà, sídì tuntun kan ju dọ́là kan lọ díẹ̀, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n gígé òdo kò yí ohun tó ń sọ òdo di púpọ̀ padà. Kí 2022 tó parí, dọ́là kan ti kọjá sídì mẹ́wàá dáadáa, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì wọ ìdá 54 nínú 100 ní oṣù Kejìlá. Ní oṣù yẹn kan náà ni ìjọba Gánà kéde pé òun kò lè san gbèsè inú ilé bí òun ṣe ṣèlérí. Kí àwọn tó yá òun lówó gba ìwé tuntun tí èlé rẹ̀ kéré. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó fi owó wọn ra ìwé gbèsè ìjọba wà lára wọn. Wọ́n lọ dúró níwájú ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Accra lójoojúmọ́. Ní oṣù Kejì 2023, Sophia Akuffo, tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà Gánà rí, lọ dúró pẹ̀lú wọn. Adájọ́ àgbà tó fẹ̀yìn tì dúró nínú oòrùn nítorí ohun tí ìjọba kọ sílẹ̀ tí kò sì mú ṣẹ: àwòrán yẹn sọ ju ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò lọ.

Àwọn aládùúgbò wa tó ń ná CFA yóò sọ pé àwọn yan ọ̀nà mìíràn. Wọ́n so owó wọn mọ́ ti Faransé, lẹ́yìn náà mọ́ yúrò, ọ̀wọ́n gógó ọjà wọn sì kéré sí tiwa ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní 1994, ní Dakar, ìpàdé kan sọ fáránkì CFA 50 sí fáránkì Faransé kan di 100. Ẹni tó sùn pẹ̀lú owó láti ra oògùn Faransé méjì jí pẹ̀lú owó oògùn kan. Ohun tí àwa ń pàdánù díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pàdánù rẹ̀. Owó tó dúró ṣinṣin dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ó mọ́lẹ̀ náà ló lè tú u.

Èrò tèmi nìyí. Àṣìṣe ńlá tó wà nínú òfin wa ni pé nọ́ńbà ló kọ, kò kọ òṣùwọ̀n. Abala 173 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí á máa tún owó ìfẹ̀yìntì gbé yẹ̀wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí a bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́n gógó bá wà ní ìdá 20, ọdún márùn-ún ti tó láti sọ ₦100 arúgbó di ₦40. Òfin owó oṣù tí wọ́n tún ṣe ní 2024 dín ọdún márùn-ún kù sí mẹ́ta, ìyẹn sì jẹ́ ìlọsíwájú. Síbẹ̀, láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, nọ́ńbà yóò dúró, ọjà yóò sì máa rìn. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni kí òfin sọ pé, lọ́dọọdún, owó oṣù tó kéré jù lọ àti owó ìfẹ̀yìntì yóò máa gòkè bí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè bá ṣe rí i pé ọjà gòkè, láìsí pé ẹnikẹ́ni da iṣẹ́ sílẹ̀, láìsí pé arúgbó lọ dúró nínú oòrùn.

Àwọn tó mọ ètò ọrọ̀ ajé yóò kọ̀ ọ́, ìdí wọn kì í sì í ṣe kékeré. Wọn yóò rántí 1975, nígbà tí ìjọba san owó oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dábàá, tó sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀wọ́n gógó ọdún náà sì kọjá ìdá 30. Wọn yóò mú Brazil wá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í so gbèsè, owó ilé àti owó oṣù mọ́ ọ̀wọ́n gógó láti 1964, títí iná náà fi ń jẹ ara rẹ̀, tó sì kọjá ìdá 2,000 ní 1993. Mo gbà pé ìkìlọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Brazil so pọ̀ ju ohun tí mo ń béèrè lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ni mo ní kí á dáàbò bò, kì í ṣe owó ilé, kì í ṣe gbogbo àdéhùn, kì í ṣe owó oṣù àwọn ọ̀gá. Àti pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: owó tí a ń dá sílẹ̀ fún ìnáwó ìjọba ń mú ọjà gòkè, yálà òṣìṣẹ́ gba àfikún tàbí kò gbà. Bí ìjọba bá mọ̀ pé owó oṣù yóò tẹ̀ lé ọjà, a ti gba ọ̀kan lára èrè tó ń jẹ nínú ọ̀wọ́n gógó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí òǹkàwé ṣọ́ra fún. Ní oṣù Kejìlá 2024, àjọ ìṣirò Nàìjíríà kéde ọ̀wọ́n gógó ìdá 34.80. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó di 24.48, nítorí wọ́n yí ọdún tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò padà. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tọ́, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ọ bí ẹni pé ọjà ti wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Bí ọ̀wọ́n gógó bá dín kù, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọjà rọra ń gòkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibi tó ti gun dé, ibẹ̀ náà ló wà, owó oṣù ló sì kù tí yóò gùn bá a.

Ní 2027, bí òfin tuntun náà ṣe wí, ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò tún jókòó sí tábìlì kan náà. Wọn yóò fa nọ́ńbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún oṣù púpọ̀, ìwé ìròyìn yóò sì gbé èyí tí wọ́n bá fẹnu kò lé sí ojú ewé kìn-ín-ní. Kí á má jẹ́ kí títóbi nọ́ńbà yẹn pa ìbéèrè kejì mọ́ wa lẹ́nu: kí ni yóò rà, àti pé títí di oṣù wo?